Ẹranko Tendaguru tó jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn: bí Giraffatitan ṣe yà kúrò lára Brachiosaurus

Nínú gbọ̀ngàn ńlá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museum für Naturkunde ní ìlú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, egungun ẹranko kan wà tí wọ́n tò dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ títí dé àtàrí jẹ́ mítà 13.27. Kò sí egungun dáínásọ̀ mìíràn tí wọ́n tò dúró nínú ilé níbikíbi láyé tó ga tó o. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé alájà mẹ́ta, orí rẹ̀ yóò yọ lókè òrùlé.

Láti ọdún 1937 tí wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ kí àwọn èèyàn máa wò ó, Brachiosaurus ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yìí ni ó wọ ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, orúkọ yìí ni àwọn ayàwòrán ń kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń dá nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí bí ẹranko náà ṣe wúwo tó àti bí ó ṣe ń mí. Orúkọ ẹlòmíràn ni. Ẹranko tó ni orúkọ yẹn gan-an kú sí ilẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ Colorado lónìí ní Amẹ́ríkà, nígbà tí èyí tó wà ní Berlin kú sí ilẹ̀ tó di gúúsù ìlà-oòrùn Tàǹsáníà, ní Áfíríkà tiwa níbí. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni bí orúkọ kan ṣe dé orí ẹranko méjì, ohun tó wà lára egungun wọn tó fi hàn pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àti ìdí tó fi jẹ́ pé ẹranko Áfíríkà, èyí tí gbogbo ayé mọ ìrísí rẹ̀, ni ó ní láti fi orúkọ náà sílẹ̀.

Ọdún 1900 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Elmer S. Riggs, òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Field Columbian Museum ti ìlú Chicago, kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí àfonífojì kan nítòsí ìlú Grand Junction ní Colorado láti wá egungun dáínásọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ni H. W. Menke tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì rí ohun tí wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n hú jáde kò pọ̀. Egungun apá òkè kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú egungun itan kan, egungun kékeré kan láti iwájú èjìká, egungun ìbàdí, oríkèé ẹ̀yìn méje tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, àwọn oríkèé ìdí tó ti lẹ̀ pọ̀, oríkèé ìrù méjì àti àwọn egungun ìhà. Kò sí orí níbẹ̀, kò sí ọrùn, kò sì sí ẹsẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé.

Egungun apá náà gùn débi pé wọ́n kọ́kọ́ rò pé egungun itan ni. Ìdí wà fún àṣìṣe yẹn. Lára àwọn dáínásọ̀ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa nígbà náà, bíi Diplodocus àti Brontosaurus, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló gùn ju ti iwájú lọ, tí ìbàdí sì ga ju èjìká. Ti eléyìí yàtọ̀ sí tiwọn, torí sẹ̀ǹtímítà 204 ni egungun apá òkè rẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì jẹ́ 203. Nígbà tí Riggs wá fún un lórúkọ ní 1903, apá yẹn ló wò kó tó sọ ọ́ ní Brachiosaurus altithorax. Ìtumọ̀ orúkọ àkọ́kọ́ ni aláǹgbá alápá, èkejì sì ń sọ pé àyà rẹ̀ jìn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Riggs dá ẹbí tuntun kan sílẹ̀ fún un, ó pè é ní Brachiosauridae, ó sì sọ pé orí ilẹ̀ ni irú ẹranko báyìí ń gbé, nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé inú omi ni.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Menke rí egungun tirẹ̀, ní 1906, ẹnjiníà ìwakùsà kan tó ń jẹ́ Bernhard Wilhelm Sattler rí àwọn egungun ńlá tó yọ sórí ilẹ̀ nítòsí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Tendaguru, ní nǹkan bí kìlómítà 60 sí èbúté Lindi. Jámánì ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ó yẹ kí á mọ irú àkókò tó jẹ́. Ogun Maji Maji, èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fi dìde sí ìjọba amúnisìn, bẹ̀rẹ̀ ní 1905, kò sì parí títí di 1907. Àwọn ọmọ ogun ìjọba dáná sun oko àti àká, ìyàn tó sì tẹ̀lé e pa èèyàn ju ìbọn lọ. Orí ilẹ̀ tí irú nǹkan báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa egungun.

Eberhard Fraas, onímọ̀ kan láti ìlú Stuttgart ní Jámánì, lọ wo ibẹ̀ ní 1907, ó sì kó díẹ̀ padà. Ní 1909, Wilhelm von Branca tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Berlin rán Werner Janensch àti Edwin Hennig lọ, iṣẹ́ ìwalẹ̀ náà sì ń bá a lọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1913. Nígbà tí ó le jù, nǹkan bí 500 òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Boheti bin Amrani ni olórí àwọn alábòójútó wọn, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ tí orúkọ wọn wọ àkọsílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ló gbẹ́ kòtò, tí wọ́n fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ya egungun kúrò lára òkúta, tí wọ́n fi amọ̀ àti koríko bò ó, tí wọ́n sì fi ọparun dì í yí ká kó má baà fọ́. Kò sí reluwé, kò sí ọ̀nà ọkọ̀, eṣinṣin tsetse kò sì jẹ́ kí ẹranko ẹrù lè dúró ní agbègbè náà. Nítorí náà, orí àti èjìká aláàárù ni gbogbo rẹ̀ gbà dé Lindi. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni àlọ nìkan. Ohun tí ó dé Berlin lọ́nà yìí lé ní 200 tọ́ọ̀nù, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Berlin láti tún àwọn egungun náà tò sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti ka àkọsílẹ̀ tó pọ̀ lórí dáínásọ̀ yìí tí kò dárúkọ aláàárù kan ṣoṣo, ó sì máa ń dùn mí, nítorí gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ọrùn ẹranko náà, ọwọ́ wọn ni a ti gbà á.

Láti inú kòtò kan tí wọ́n fi lẹ́tà S pè ni egungun ẹranko méjì ti jáde, wọ́n sì pe ńlá inú wọn ní SII. Òun ni olórí ohun tó wà nínú gbọ̀ngàn Berlin lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi egungun àwọn mìíràn dí ibi tó ṣófo lára rẹ̀, tí oríkèé ọrùn àti ti ẹ̀yìn tó wà lórí ìdúró náà sì jẹ́ àwòkọ, torí pé àwọn ojúlówó wúwo, wọ́n sì tètè ń fọ́. Lára àwọn egungun Tendaguru ni agbárí wà, ọrùn wà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà. Ohun tí Colorado kò ní ni Áfíríkà ní yìí.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Janensch wo ilé lóòótọ́. Ó mú àpèjúwe tí Riggs ti tẹ̀ jáde, ó fi egungun Tendaguru wé e, ó rí i pé egungun apá òkè SII jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 213, tó fi jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ ní apá tó gùn lọ́nà àrà, tí ìrísí rẹ̀ sì jọra. Kò sí dáínásọ̀ kẹta tí wọ́n mọ̀ nígbà náà tó ní irú rẹ̀. Ní 1914, ó kéde pé Brachiosaurus ni ẹranko náà, ṣùgbọ́n pé ẹ̀yà tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ ní Brachiosaurus brancai. Ó tún dárúkọ ẹ̀yà kejì, Brachiosaurus fraasi, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú brancai. Èmi kò rí ohun tí a lè fi dá Janensch lẹ́bi nínú èyí. Pẹ̀lú ohun tó wà níwájú rẹ̀, ìdájọ́ tó ṣe mọ́gbọ́n wá.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí orúkọ sáyẹ́ǹsì ṣe rí. Orúkọ méjì ni ẹranko kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Àkọ́kọ́ ni orúkọ ìran, tí ẹ̀yà púpọ̀ lè jọ máa jẹ́. Èkejì ni orúkọ ẹ̀yà tirẹ̀ gan-an. Kìnnìún àti ẹkùn jọ ń jẹ́ Panthera, ṣùgbọ́n Panthera leo ni kìnnìún. Ohun tí Janensch sọ ní 1914 ni pé ẹranko Colorado àti ti Tendaguru súnmọ́ ara wọn tó bí kìnnìún ṣe súnmọ́ ẹkùn. Ìbéèrè tó kù ni bóyá wọ́n súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ ẹnikẹ́ni lógún fún nǹkan bí 70 ọdún, nítorí pé egungun Áfíríkà ti bo ti Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀. Janensch fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe àpèjúwe wọn: ó tẹ ìwé jáde lórí agbárí ní 1935 àti 1936, lórí oríkèé ọrùn àti ẹ̀yìn ní 1950, lórí ẹsẹ̀ àti apá ní 1961. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Brachiosaurus ṣe rí, ìwé Janensch ló máa ṣí. Báyìí ni ó ṣe di pé nígbà tí ayé bá ń ṣàpèjúwe Brachiosaurus, ẹranko Tendaguru ni wọ́n ń ṣàpèjúwe.

Ìrísí rẹ̀ yẹ ní ohun tí a ń fara balẹ̀ wò. Oríkèé 13 ló wà nínú ọrùn rẹ̀, ọrùn náà sì gùn ju mítà 8 lọ. Oríkèé 7 péré ni àgùnfọn ní lọ́rùn, gẹ́gẹ́ bí èèyàn náà ṣe ní 7. Kí ọrùn àgùnfọn tó gùn, oríkèé kọ̀ọ̀kan ni ó ní láti gùn. Ọrùn dáínásọ̀ yìí gba ọ̀nà méjèèjì: oríkèé rẹ̀ pọ̀ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tún gùn. Bí oríkèé wọ̀nyí bá jẹ́ egungun dídì, ẹranko náà kò ní lè gbé orí rẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gé oríkèé kan wò yóò rí ihò àti yàrá wínníwínní nínú rẹ̀ bíi afárá oyin. Afẹ́fẹ́ ló kún inú wọn. Lára ẹyẹ òde òní, irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń wá láti inú àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n ń yọ ẹ̀ka wọnú egungun. Ohun kan náà ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣẹlẹ̀ lára dáínásọ̀ ọlọ́rùn gígùn. Nínú ọ̀pọ̀ oríkèé ọrùn ẹbí yìí, afẹ́fẹ́ gba ju ìdajì àyè inú egungun lọ. Àpò afẹ́fẹ́ yìí kan náà tún lè jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró rí afẹ́fẹ́ tútù gbà láìka bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe gùn sí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbọnrangandan bí òpó ilé. Nínú ọwọ́ rẹ̀, àwọn egungun àtẹ́lẹwọ́ márùn-ún kò tẹ́ sílẹ̀ bíi ti èèyàn. Ṣe ni wọ́n dúró lóròó, tí wọ́n tò yí ara wọn ká bí ìlàjì agolo, tí ẹranko náà sì ń rìn lórí orí wọn. Èékánná kan ṣoṣo ló wà ní ọwọ́, lórí àtàǹpàkò. Nítorí pé iwájú ga, ẹ̀yìn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti èjìká lọ sí ìdí, ìrù rẹ̀ kò sì gùn tó ti Diplodocus. Eyín rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó sì lágbára láti já ewé àti ẹ̀ka tútù.

Orí rẹ̀ ló fa iyàn jù. Lókè agbárí, níwájú ojú, egungun kan tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fà, ihò imú ńlá méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí ihò yìí, àwọn kan sọ pé inú odò jíjìn ni ẹranko náà ń dúró, tí yóò na ọrùn sókè láti mí, bí ẹni fi ìfun ewé ìbẹ́pẹ mí lábẹ́ omi. Àwòrán yìí tàn ká ayé. Ní 1951, K. A. Kermack fi hàn pé kò lè rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ̀dọ̀fóró bá wà ní ọ̀pọ̀ mítà lábẹ́ omi, agbára tí omi fi ń tẹ àyà kò ní jẹ́ kí ẹranko lè fa afẹ́fẹ́ wọlé rárá. Ní 2001, Lawrence Witmer tún fi ara àwọn ẹranko tó wà láàyè ṣe ìwádìí, ó sì sọ pé bí ihò inú egungun tilẹ̀ wà lókè, ẹnu ihò imú tó wà lára ẹran náà gbọ́dọ̀ ti wà nísàlẹ̀, nítòsí ètè. Riggs ti sọ ti orí ilẹ̀ láti 1904. Wọn kò fetí sí i.

Ní ti ìwúwo, ó tó kí n mẹ́nu ba díẹ̀, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní 1962, Edwin Colbert fi ère kékeré díwọ̀n rẹ̀, ó ní tọ́ọ̀nù 78. Ní 2008, ẹgbẹ́ Hanns-Christian Gunga díwọ̀n rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 38. Ní 2009, Michael P. Taylor rí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 23. Ẹranko kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀n, egungun Berlin. Bí wọ́n ṣe fi ẹran bò ó àti bí wọ́n ṣe ka afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sí ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí mùtúmùwà ń kà, Brachiosaurus ni wọ́n kọ sí iwájú tọ́ọ̀nù 78, tí kò sì sí ẹni tó gbé Brachiosaurus gidi wọ̀n.

Gregory S. Paul ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1988. Nígbà tó ń ya àwòrán egungun àwọn méjèèjì, ó rí i pé oríkèé ẹ̀yìn wọn kò bára mu, pé ti Tendaguru kúrú lára, tí èjìká rẹ̀ sì ga lọ́nà tó mú un rántí àgùnfọn. Ó dá orúkọ kan sílẹ̀, Giraffatitan, àgùnfọn òmìrán, ṣùgbọ́n ó fi í sí abẹ́ Brachiosaurus gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka. Ní 1991, George Olshevsky sọ ẹ̀ka náà di ìran tó dá dúró. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò tẹ̀ lé wọn, nítorí pé ẹ̀rí tí wọ́n tò kalẹ̀ kò tíì pọ̀ tó.

Ọdún 2009 ni Taylor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti ṣe tipẹ́. Ó mú egungun tí àwọn méjèèjì jọ ní, láìfi èyí tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní kún un, ó sì fi wọ́n wéra lọ́kọ̀ọ̀kan: oríkèé ẹ̀yìn, egungun ìhà, ìdí, ìrù, iwájú èjìká, apá, ìbàdí, itan. Ìyàtọ̀ 26 ló rí. Àwọn oríkèé ẹ̀yìn ti Colorado gùn ju ti Tendaguru lọ, débi pé agbede-méjì ara Brachiosaurus fi ohun tó lé ní ìdá márùn-ún gùn ju ti ẹranko Áfíríkà. Oríkèé ìrù ti Colorado ga, ó sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ìrù náà gùn sí i. Ibi tí apá ti wọnú èjìká kọjú sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lára Brachiosaurus, èyí tó lè mú kí apá rẹ̀ ya síta ju ti ìkejì rẹ̀ lọ. Taylor díwọ̀n ìwúwo Brachiosaurus pẹ̀lú, ó rí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 29, èyí tó ju ti Giraffatitan lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígùn apá àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Bí ìyàtọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí á tó sọ pé ìran méjì ni kò sí nínú òfin kankan. Ìdájọ́ onímọ̀ ni. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Taylor wọlé ni pé ó fi òṣùwọ̀n tí gbogbo wọn ti ń lò tẹ́lẹ̀ wọ̀n ọ́. Diplodocus àti Barosaurus jẹ́ ìran méjì lójú gbogbo onímọ̀, ìyàtọ̀ àárín àwọn wọ̀nyẹn kò sì tó èyí tó wà láàárín ẹranko Colorado àti ti Tendaguru. Bí a bá ya ti tọ̀hún, a kò lè so ti èyí pọ̀. Láti ìgbà náà, Giraffatitan brancai ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń kọ̀wé sáyẹ́ǹsì ń pè é.

Èyí wá kan ìdí tó fi jẹ́ ẹranko Áfíríkà ló pàdánù orúkọ. Òfin tí wọ́n fi ń sọ ẹranko lórúkọ kò wo ẹni tó gbajúmọ̀ tàbí ẹni tí egungun rẹ̀ pé. Orúkọ ìran dúró ti ẹ̀yà tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, ẹ̀yà náà sì dúró ti egungun tí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Egungun díẹ̀ tó wà ní Chicago ló jẹ́ Brachiosaurus ní 1903. Bí ìyapa bá dé, òun ni yóò jókòó ti orúkọ, ẹni tó dé ní 1914 ni yóò lọ gba òmíràn. Ọ̀rọ̀ brancai, tó jẹ́ orúkọ ẹ̀yà, kò yí padà nínú gbogbo èyí, torí òfin kan náà ló dáàbò bò ó. Bí ọmọ tilẹ̀ kó kúrò ní ilé, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ṣì ń bá a lọ.

Ìyapa yìí kò sọ wọ́n di àjèjì síra wọn. Taylor fúnra rẹ̀ rí i pé inú ẹbí Brachiosauridae ni àwọn méjèèjì ṣì wà. Ẹbí yìí wà lábẹ́ àkójọ tí wọ́n ń pè ní Titanosauriformes, tí àwọn òmìrán ilẹ̀ Ajẹntínà bíi Argentinosaurus náà wà nínú rẹ̀. Èyí wà lábẹ́ Macronaria, orúkọ tó ń tọ́ka sí títóbi ihò imú wọn. Macronaria wà lábẹ́ Sauropoda, tí Othniel Charles Marsh dá sílẹ̀ ní 1878 fún gbogbo dáínásọ̀ ńlá ọlọ́rùn gígùn tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn tí Brachiosaurus àti Giraffatitan wà láàyè, òkun Àtìláńtíìkì kò tíì fẹ̀ bó ṣe fẹ̀ lónìí, kò sì yani lẹ́nu pé ìbátan wà ní ìhà méjèèjì. Ìjọra tí Janensch rí kì í ṣe irọ́. Ìjọra mọ̀lẹ́bí ni, ó kàn mú un fún ti ọmọ ìyá.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kí ẹni tó bá ń wo egungun wọ̀nyí mọ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì dàgbà tán nígbà tí wọ́n kú. Egungun iwájú èjìká ti Colorado kò tíì lẹ̀ mọ́ èyí tó yẹ kí ó lẹ̀ mọ́ lára ẹranko tó ti gbó. Láti Tendaguru pẹ̀lú, egungun ojúgun kan wà, tí wọ́n fi XV2 sàmì sí, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 134, nígbà tí ti SII jẹ́ 119. Ẹni tó ni ojúgun yẹn tóbi ju èyí tí à ń wò ní Berlin.

Ní Chicago, wọ́n ṣe àwòkọ odidi Brachiosaurus kan ní 1993. Àwòkọ náà wá dé pápákọ̀ òfurufú O'Hare lẹ́yìn náà. Níbi tí egungun Riggs kò dé, ìrísí ti Tendaguru ni wọ́n fi kún un, títí kan orí àti ọrùn. Nípa bẹ́ẹ̀, èrò tó bá dúró lábẹ́ rẹ̀ tó gbójú sókè, ọrùn Áfíríkà ló ń wò lára ẹranko Amẹ́ríkà. Agbárí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n rí ní Colorado ní 1883, tí Marsh lò nígbà tó ń ya àwòrán Brontosaurus, tí Kenneth Carpenter àti Virginia Tidwell sì sọ ní 1998 pé ó jọ ti Brachiosaurus; ṣùgbọ́n a kò rí i pẹ̀lú ara kankan tí a lè fi dájú pé tirẹ̀ ni.

Àwọn egungun Tendaguru ṣì wà ní Berlin. Ní Tàǹsáníà, àwọn kan ti bèèrè pé kí wọ́n dá wọn padà. Ní ti orúkọ, ìṣísẹ̀ kékeré kan wáyé ní 2019, nígbà tí Philip Mannion àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fún dáínásọ̀ ọlọ́rùn gígùn mìíràn láti Tendaguru, tí ìrù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní, ní orúkọ Wamweracaudia keranjei. Àwọn Wamwera ni ẹ̀yà èèyàn tó ń gbé ní agbègbè náà. Mohammadi Keranje sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó darí ìwalẹ̀ níbi tí ìrù yẹn ti jáde.